Orin ìkọ̀sílẹ̀ lẹ fi mú ìyàwó wọlé

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì.

Níbi ìgbéyàwó tí a lọ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ọkọ àti ìyàwó ń wọ họ́ọ̀lù, orin tí DJ fi sí i ni "Dreams" ti Fleetwood Mac. Gbogbo èèyàn ń mirí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi di orí mú. Mo lọ bá ọmọ náà, mo ní ṣé ó mọ ohun tí orin yìí ń sọ. Ó ní, "Mọ́mì, orin jẹ́jẹ́ ni now." Mo padà sórí tábìlì, bọ̀dá wa kan tún ní kí n jókòó jàre, pé orin òyìnbó ni, ta ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ?

Ọ̀rọ̀ bọ̀dá yẹn ni mo wá fèsì sí. Bọ̀dá kan náà, tí onígángan bá fi ìlù bú wọn lágbo, wọn ò ní jókòó o! Ẹ gbọ́ ti igi àti awọ tí kò lẹ́nu, ẹ wá dití sí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máà jẹ́ ká tan ara wa.

Inú "Dreams" yẹn, obìnrin ló ń sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó máa lọ, pé tó bá dá wà tán ni yóò mọ ohun tó sọnù. Òun lẹ fi mú ọmọ ọlọ́mọ wọlé ọkọ.

Mo ní kásẹ́ẹ̀tì Rumours, tó jáde ní 1977. Èmi náà ti fi sùn rí, mo jẹ́wọ́. Àwọn márùn-ún ni. Mick Fleetwood ń lu ìlù, John McVie ń ta gìtá béèsì, Christine ìyàwó rẹ̀ wà nídìí píánò, Lindsey Buckingham mú gìtá, Stevie Nicks ń kọrin. Nígbà tí wọ́n wọ sítúdíò ní Sausalito, ní California, lọ́dún 1976, John àti Christine ti pínyà. Lindsey àti Stevie, olólùfẹ́ tipẹ́, ń túká. Ilé Mick pàápàá ń dàrú. Kò sì sẹ́ni tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ojú ara wọn.

Kí là ń pe irú èyí nílé wa? Orin orogún ni! Ìyáálé á máa fọṣọ, á dá orin. Ìyàwó á máa lọ ata, á fèsì. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ti àwọn wọ̀nyí tiẹ̀ burú jù, torí ẹni tí wọ́n ń bú ló tún ń ṣe elégbè. Lindsey kọ "Go Your Own Way" sí Stevie, Stevie sì ní láti gbè é. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ kan tó fi kàn òun níbẹ̀ dun òun. Christine fi "You Make Loving Fun" yin ọkùnrin mìíràn, ó sọ fún John pé ajá òun lòun kọ ọ́ fún. Ajá o! John sì ta béèsì sí i, ó ń dán bí epo. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò gbọ́ béèsì yẹn bí nǹkan jẹ́jẹ́ mọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "Silver Springs". Ìdáhùn Stevie sí Lindsey ni. Wọ́n ní ó gùn jù, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n wá gbé e sí ẹ̀yìn àwo kékeré "Go Your Own Way". Ẹ wò ó, ẹ̀yìn àwo tí wọ́n fi bú u gan-an! Rumours tà ju mílíọ̀nù 40 lọ, ó gba Grammy àwo tó dára jù lọ́dún ní 1978, ìwà ìkà ni mo ṣì ń pè é.

Ẹ má ní mo kórìíra orin ìfẹ́ o. "Songbird" wà nínú àwo kan náà. Christine kọ ọ́ sí ẹ̀rọ ní òru, nínú gbọ̀ngàn yunifásítì kan ní Berkeley, píánò àti gìtá díẹ̀. Àdúrà rere ni fún ẹni téèyàn fẹ́ràn. Ká ní òun ni DJ fi sí i, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ dìde náwó.

DJ, àbúrò mi, mo mọ̀ pé o wà lórí page yìí. Ìgbéyàwó ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì ń bọ̀, fi orúkọ àwọn orin ránṣẹ́ sí mi kó tó di Friday. Bọ̀dá wa, ẹ̀yin ẹ dá mi lóhùn níbí, ẹ má wá sí inbox.