Kónílé-ó-gbélé: Ilé Ta Ni Wọ́n Wò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, a sọ òfin kan ní kónílé-ó-gbélé láìwo ilé ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ fún wa pé ìyà kan náà ló jẹ gbogbo wa, pé ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. N kò gbà. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń pa àwọn ọmọ wa lára títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kò yẹ kí a sé ìlú mọ́. Ní 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Èkó. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà náà, a sì ń gbọ́ bí òkú ti ń sùn ní Ítálì. Ohun tí mò ń bá jà ni ọ̀nà tí a gbà ṣe é.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kónílé-ó-gbélé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. A ti ń lò ó tipẹ́ fún òfin tó ń lé ènìyàn wọlé nígbà rògbòdìyàn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni, onílé ló sì ń bá wí. Ta wá ni onílé? Ẹni tó ní yàrá mẹ́rin, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù, onílé ni. Ṣùgbọ́n ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń gbé yàrá kan nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀, tí àwọn àti ayálégbé yòókù jọ ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo, báwo ni wọn yóò ṣe jìnnà síra wọn? Aláàárù, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá tó ń pàtẹ ata lẹ́bàá títì, àárọ̀ ni wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń sé ìlú mọ́. Bí orò yóò bá jáde, wọ́n á ti kéde ṣáájú, kí àwọn obìnrin lè ra ọjà, kí wọ́n sì pọn omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù kẹta, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde òfin náà fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lójúmọ́ yóò fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ọjọ́ kan? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún tiwọn síwájú kí ètò oúnjẹ lè tò ná, ó sì di ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kẹrin. Ó ṣeé ṣe nígbà náà! Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún sì di márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà ní 4 oṣù karùn-ún.

Wọ́n ní ìrànwọ́ ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn èrò já ilé ìkẹ́rù ní Mazamaza ní Èkó àti ní Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀. N kò gbè sẹ́yìn ẹni tó jalè. Àwọn aláṣẹ ní àwọn kò fi í pamọ́, pé pípín rẹ̀ ni kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de ètò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ nìyí. Ilé-ìwé tì ní oṣù kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni SS3 tó wọlé, ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní 17 oṣù kan náà. Láàárín àkókò yìí, ẹ̀kọ́ bọ́ sórí rédíò, tẹlifíṣàn àti WhatsApp. Èmi náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àròkọ àti ìtúpalẹ̀ ewì lórí fóònù. Àwọn tó ń dáhùn kò tó ìdá mẹ́ta. Ìyá ọ̀kan nínú wọn pè mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Fóònù kan la ní, bàbá rẹ̀ tó ń ṣọ́dẹ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bó bá sì dé láàárọ̀, kò sí iná tí a ó fi sáàjì rẹ̀.” Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí a wọlé padà, ìjókòó rẹ̀ ṣófo. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ.

Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ pé Kòrónà ti kọ́ wa pé fóònù lè rọ́pò olùkọ́. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, iná àti dátà ni ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun náà ló ń pe ọmọ ọlọ́dẹ ní aláìgbọ́n nígbà tí èsì ìdánwò jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé nígbàkúùgbà. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí: ta ló ní rédíò, ta ni kò ní fóònù, ta ni kì í rí iná. Kí a tẹ iṣẹ́ sórí bébà de àwọn tí kò ní nǹkan kan. Kí a sì wá àwọn tí kò padà wá mọ́. Ọmọ wa ni wọ́n, a kò gbọ́dọ̀ pa orúkọ wọn rẹ́ lásán nínú ìwé ìpè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní SS lónìí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín wà nígbà náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ àròkọ lórí ìgbà Kòrónà, ẹ má kọ ọ́ pé ìsinmi gígùn ni. Ẹ kọ ohun tí ilé yín jẹ, ẹ kọ ohun tí kò rí jẹ, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ yín tí kò padà sí kíláàsì. Ẹni tó bá tún fẹ́ sé ìlú mọ́ lọ́la, kí ó kà á kí ó tó pàṣẹ.