Ríra Ọkọ̀ Àlòkù

Láyé àtijọ́, ọmọ ènìyàn nìkan ni Yorùbá ń sọ ní Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé padà wá sílé, ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ènìyàn bá dúró ní Fájuyì ní ìlú Adó-Èkìtì, tí ó sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé tòkunbọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, kì í ṣe ọmọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò gbó ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Orúkọ náà sì bá a mu ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ ti rò lọ, nítorí pé kò sí ará ilé kan tí ó lè jẹ́rìí sí ìwà tí ó hù lọ́hùn-ún kí ó tó dé.

Nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ìgbà náà, olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba, kí ó sì fi ra ọkọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Nígbà tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀, pàápàá láti 1986, ọkọ̀ tuntun di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ojú wò lásán. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tòkunbọ̀ pàápàá wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì yíjú sí èyí tí a ti lò ní òkè òkun, tí a tún ti lò fún ọdún púpọ̀ ní Nàìjíríà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ju akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí lọ́jọ́ orí.

Owó tí a fi ń rà á kì í ṣe owó kékeré. Ní Èkìtì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí a ó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Bí ọkọ̀ náà bá dákú ní oṣù kejì, gbèsè kò ní bá a dákú. Nígbà náà ni wọn yóò máa pariwo pé ọlọ́jà rẹ́ àwọn jẹ. Òtítọ́ ni pé ọlọ́jà tí ń rẹ́ni jẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí ń rajà kò kéré. Ẹni tí ó lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba a máa wò ó lórí, a máa wò ó nídìí, a máa fi èékánná ha ara rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti ń jẹrà nínú. Ẹni yìí kan náà yóò dé ibi ọkọ̀, yóò rí ọ̀dà tí ń dán, yóò sì ka owó sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ni ó ń tì í láti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé kò ní ọkọ̀ rí.

Ọ̀dà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí àwọ̀ ilẹ̀kùn kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, bí ọ̀dà bá ta sí ara rọ́bà fèrèsé, bí àlàfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, ọkọ̀ náà ti forí gbá nǹkan rí, wọ́n sì ti tún un lù. Ìyẹn nìkan kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a fi pamọ́ fún ẹni tí ń sanwó.

Èyí tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkọ̀ tí omi ti mù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n pè ní Harvey rọ òjò lé ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, àìmọye ọkọ̀ sì rì sínú àgbàrá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pa owó gidi mọ́ níbi tí a ti mọ ìtàn rẹ̀, nítorí náà àwọn kan a máa fọ̀ ọ́, wọn a sì wá ibòmíràn tà á sí. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè dún dáadáa lónìí, ṣùgbọ́n omi tí ó ti wọ ìdí wáyà yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí iná ọkọ̀ yóò fi kú lóru lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Kí ẹni tí ń rajà fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí ó wò ó bóyá àmì ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ń fọ ọkọ̀ máa ń gbàgbé. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ó wo àwọn nọ́ọ̀tì tí ó di àga mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti dípẹtà, tí inú ọkọ̀ sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ, bí ọlọ́jà tilẹ̀ fẹ́ gba ìdajì owó.

Iye máìlì tí ó hàn níwájú awakọ̀ kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè dá a padà sẹ́yìn. Bí rọ́bà orí bíréèkì bá ti jẹ tán, tí awọ ohun roboto tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀ sì ti pá, ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà, ohun yòówù tí nọ́ńbà ìbáà sọ. Nọ́ńbà kan wà, síbẹ̀, tí ó ṣòro láti parọ́ mọ́. Òun ni èyí tí a tẹ̀ sí ara irin ọkọ̀, tí a sì lè rí láti ìta ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Láti 1981 ni ó ti jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17 ní Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ilẹ̀ náà, ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún: 7 dúró fún 2007, A fún 2010, D fún 2013. Ọlọ́jà tí ó pe ọkọ̀ rẹ̀ ní ti 2010, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 7, ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù mu pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tí a bá fi fàyàwọ́ kó láti Kùtọnu gba Sèmè, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó fi òtítọ́ inú rà á.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní kùtùkùtù ni kí a lọ wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná kí ẹni tí ń rajà tó dé, ọlọ́jà kò ṣàdédé tan ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ohun funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ìdérí ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kí omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Èéfín dúdú fi hàn pé ó ń jẹ epo jù. Èyí tí ó funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, omi ni ó ń jó. Èyí tí ó ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni. Àwọn Camry kan tí a ṣe láàárín 2007 àti 2009, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní Muscle, mọ ọ́ìlì í jẹ dunjú, débi pé ilé iṣẹ́ Toyota gbà láti tún irú wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà fún sáà kan. Honda Accord ti 2003 ni wọ́n sì sọ ní End of Discussion, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní láti pe àwọn kan nínú wọn padà ní 2004 nítorí jíà.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, òkè ni adájọ́ ọkọ̀. Ọlọ́jà a máa fẹ́ kí a wà á yípo lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sì padà. Kí ẹni tí ń rajà má gbà. Kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà wá fún un, kí wọ́n sì gba ọ̀nà Ìyìn àti Àrámọkọ lọ sí Ìtawùrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Níbẹ̀, jíà tí ó ti fẹ́ kú yóò jẹ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Rádíétọ̀ tí ń jò yóò mú kí ẹ̀rọ gbóná kí wọ́n tó gun òkè tán. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí bíréèkì ń rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, mẹkáníìkì yóò ti mọ̀. Àwọn kan ka owó iṣẹ́ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ sí ìnákúnàá, bẹ́ẹ̀ owó jíà kan ṣoṣo lè sanwó irú iṣẹ́ náà ní ìgbà ogún, ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ.

Olówó ọkọ̀ kì í dá nìkan wọ inú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ọmọ aládùúgbò mẹ́ta lè wà lẹ́yìn tí wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí owó bá sì há, ọkọ̀ kan náà a di takisí. Nítorí náà táyà kì í ṣe ohun tí a ń sún síwájú pé bí owó bá dé a ó rà á. Òǹkà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Èyí tí a kọ 1012 sí jáde ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ọdún 2012. Kí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ga, kí ó dúdú bí kóró iṣin, rọ́bà rẹ̀ ti gbó, kò sì yẹ kí ó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n.