Ìmọ̀ràn fún Ìdílé: Ọkọ̀ Dúdú Nínú Ọyẹ́ Maiduguri

Àkókò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà tún dé, ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ẹgbẹ́ wa ni yóò sì wa ọkọ̀ lọ sílé, àwọn kan sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, àwọn mìíràn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí a ń gbọ́ léraléra: kí ni ènìyàn lè ṣe kí ọkọ̀ dúdú lè máa dán nínú ìlú eruku bí tiwa yìí?

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, ọkọ̀ ni ohun ìní tí ó tóbi jù tí ó lè bá a padà sílé. Bí ọjọ́ àti tà á bá dé, ara rẹ̀ ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí i pé a ti tún un kùn, yóò fura pé ó ti ní jàǹbá rí, yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé wá láti ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é, owó ni.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń bà á jẹ́. Eruku tí ń bò wá láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún Chad ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí adágún náà tóbi ju ti òní lọ fíìfíì. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku wa yìí, yanrìn sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ha gíláàsì. Ọ̀dà ọkọ̀ kò le tó gíláàsì.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, àwọ̀ dúdú wà nísàlẹ̀, ọ̀dà mìíràn tí ó mọ́ gaara sì bò ó. Ọ̀dà gaara yìí ni ń dán, kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ. Ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ní òwúrọ̀, yanrìn ni ó fi ń ha á. Lára ọkọ̀ funfun, ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n lára dúdú, bí oòrùn bá ti tàn sí i, àwọn ilà wẹ́wẹ́ yóò hàn bí òwú aláǹtakùn.

Nítorí náà, omi ni kí ó ṣáájú aṣọ. Ẹ fọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí lábẹ́ ìbòòji, nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ lo garawa méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan fóòmù kí yanrìn má bàa padà sára ọkọ̀. Ẹ má lo fóòmù tí ẹ fi fọ táyà. Ọṣẹ ìfọṣọ a máa ṣí ìda kúrò, kẹrosíìnì a sì máa dán fún ìgbà díẹ̀ kí eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ tí a ṣe fún ọkọ̀ ni ó dára. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbẹ omi náà kí oòrùn tó gbẹ ẹ́, nítorí omi kànga a máa fi àmì funfun sílẹ̀.

Bí omi kò bá tó, ẹ fi eruku náà sílẹ̀. Eruku tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kì í ha ọkọ̀. Ọwọ́ wa ni ń tì í kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ gbígbẹ, irú èyí tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí dáàmù Alau ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024: omi ni a fi ń rẹ ẹ́, a kì í fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Bí dídán bá ti lọ, pọ́líìṣì lè dá a padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọ̀ jù, ní ibi kékeré kan, kí ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé pọ́líìṣì ń gé díẹ̀ nínú ọ̀dà gaara náà ni. Ẹni tí ó bá ń ṣe é lóṣooṣù ń sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ìhòòhò. Ilà tí ó bá há èékánná yín ti jìn jù fún un. Ibi tí ọ̀dà gaara bá sì ti ń bó, iṣẹ́ péńtà ni.

Lẹ́yìn pọ́líìṣì, ẹ fi ìda ọkọ̀ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìda carnauba, tí a ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní ilẹ̀ Brazil, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn wa, tí ó ń kọjá 40 ìwọ̀n Celsius ní oṣù kẹrin, kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ da omi díẹ̀ sí i: bí omi bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ìda ṣì wà, bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti tán.

Ìbòòji dóńgóyárò dára fún ọkọ̀, àfi ti ìgbẹ́ ẹyẹ, tí a máa jẹ ọ̀dà. Ẹ fi aṣọ tútù lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá gbé e kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ fi sùúrù kọ́ àwọn ọmọ tí ń bá yín fọ ọkọ̀ ní gbogbo èyí. Bí ẹ bá sì gúnlẹ̀ sílé, ẹ tètè kìlọ̀ fún àwọn ọmọ àgbolé kí wọ́n má fi ìka kọ orúkọ sínú eruku ara ọkọ̀, nítorí eruku yóò lọ, orúkọ yóò sì kù.

Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.