Má Ṣe Tẹ Rélùwéè Ọmọ Rẹ Mọ́lẹ̀

Ẹjọ́ ara mi ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí yóò gba ẹlòmíràn níyànjú, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tirẹ̀.

Mo ní ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Láásárì, mo wá a ní ilé kéú, n kò rí i. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a. Ó dojúbolẹ̀, ó ń ti nǹkan lọ síwájú, ó sì ń fi ẹnu dún bíi fèrè. Agolo sàdíìnì mẹ́rin ni ó fi wáyà so pọ̀, ó fi ìdérí ìgò mínírà ṣe ẹsẹ̀ wọn. Ó la pòròpórò ọkà bàbà sí méjì-méjì, ó sì tò ó bí ojú irin láti ìdí àdògán ìyá rẹ̀ títí dé ìdí ìkòkò omi. Inú bí mi. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìdérí ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fìlà. Láti ọjọ́ náà, kò pa ilé kéú jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," tàbí "Rárá, bàbá," ni mo ń gbọ́, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ wí pé, "Ẹ ti rí ọmọ tí ó ń gbọ́ràn báyìí. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" N kò rí èsì fọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa. Ọmọ Kábà ni, ṣùgbọ́n ìdálẹ̀ ni ó ti lo ìgbà agbára rẹ̀. Gáàdì ni lórí ọkọ̀ ojú irin, láàrin Ọ̀fà àti Jẹ́bà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Rélùwéè ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí mi.

Ó ní, "Ládánì, mo gbọ́ pé o fọ́ ọkọ̀."

Mo ní, "Bàbá, eré ọmọdé lásán ni. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Ó ní, "Eré? Lọ mú kọ́ọ̀bù oníke mẹ́rin wá, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ dán ohun tí bàbá yìí ṣe wò ní ilé yín. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ kọ́ọ̀bù méjì pọ̀ ní ẹnu sí ẹnu. Ó lẹ méjì yòókù pọ̀ ní ìdí sí ìdí. Ó wá gbé ọ̀pá gígùn méjì kalẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọn kò sún mọ́ra, wọn kò sì jìnnà jù. Ó yí èyí tí a lẹ ní ìdí sí ìdí sórí ọ̀pá náà. Kò tíì lọ jìnnà tí ó fi já bọ́. Ó yí èyí tí a lẹ ní ẹnu sí ẹnu. Ó yí títí dé ìsàlẹ̀. Bàbá tilẹ̀ gbé e ní wíwọ́, ṣùgbọ́n ó tún ara rẹ̀ ṣe lójú ọ̀nà, ó padà sí àárín.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ẹsẹ̀ méjèèjì kan mọ́ ọ̀pá irin kan ṣoṣo, wọ́n ń yí pọ̀. Apá inú ẹsẹ̀ náà tóbi díẹ̀ ju apá ìta lọ. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò fi ibi tí ó tóbi tẹ irin, yóò rìn ju ti òsì lọ, yóò sì darí ọkọ̀ padà. Etí tí ó yọ ní inú ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́, bí ìdarí yẹn kò bá tó. Ọmọ rẹ ti fi etí ìdérí ìgò ṣe ẹ̀ṣọ́ yẹn. Ta ni ó kọ́ ọ?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò mọ ohun tí ọmọ tèmi mọ̀.

Bàbá ní kí n má rò pé ọmọdé nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1891, iléeṣẹ́ Märklin pàtẹ ọkọ̀ rélùwéè kékeré tí ó ń sáré lórí ojú irin tirẹ̀ ní ọjà ńlá Leipzig. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1910 ni àwọn àgbà ọkùnrin ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ rélùwéè kékeré, tí wọ́n sì ń pàtẹ rẹ̀ fún ará ìlú. Ní Hamburg, ìbejì kan, Frederik àti Gerrit Braun, ṣí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ní 2001. Ojú irin kékeré tí ó wà nínú ilé náà ti ju kìlómítà 15 lọ nísinsìnyí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń sanwó wọlé láti wò ó.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Frank Hornby, ọmọ Liverpool. Ní 1901 tí wọ́n ṣí ojú irin wa láti Èkó dé Ìbàdàn, ní ọdún yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí gba ìwé àṣẹ lórí irin oníhò tí ọmọdé ń fi bóòtù so pọ̀, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Meccano. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 1920 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ rélùwéè kékeré. Ẹ wò ó: bàbá kan jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀, ó di iṣẹ́ ńlá, bàbá kejì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mo lọ bẹ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé mo ṣe àṣìṣe. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó lọ gbé fìlà tí ó kó ìdérí ìgò sí wá. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn kéú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iwájú ilé Bàbá Rélùwéè. Ọ̀nà Ọ̀fà sí Jẹ́bà ni wọ́n ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ṣe é, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀.

Èkíní ni ìwọ̀n. A kì í kàn ṣe é ní kékeré ṣá; iye kan náà ni a fi ń pín ohun gbogbo. Wọ́n mú 32. Àyè tí ó wà láàrin irin méjèèjì lórí ojú irin àtijọ́ ilẹ̀ wa jẹ́ mìlímítà 1067. Ẹ fi 32 pín in, ó di 33 àti díẹ̀. Ọkọ̀ èrò tí ó gùn ní mítà 16 di sẹ̀ǹtímítà 50. Ènìyàn tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160 di sẹ̀ǹtímítà 5 péré. Ọmọ mi tí ó máa ń sá fún ìṣirò, òun ni ó ń fi èédú ṣe pínpín yìí lórí ilẹ̀. Ní New Zealand, tí ojú irin wọn náà jẹ́ 1067, àwọn mìíràn ń fi 64 pín in, nítorí pé yóò bá ojú irin eré oní-mìlímítà 16.5 tí wọ́n ń tà lọ́jà mu.

Èkejì ni ojú ọ̀nà. Irin lórí irin a máa yọ̀, nítorí náà ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè bíi mọ́tò. Nínú sẹ̀ǹtímítà 100, kí gíga ọ̀nà má ju 2 tàbí 3 lọ. Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó ṣẹ́ kọ́nà lójijì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bọ́ sílẹ̀. Páálí ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀, wọ́n la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ojú irin, wọ́n sì gé igi wẹ́wẹ́ dábùú sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Àwọn tí wọ́n ń rà á lọ́jà lókè òkun, inú ojú irin ni iná fólítì 12 ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn. Ní tiwa, mọ́tò kékeré inú rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n lò, pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí ó jẹ́ fólítì 6, tí ọkọ̀ ẹ̀yìn rù. Mo kìlọ̀ fún yín o: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan so irú eré yìí mọ́ iná mànàmáná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Pípa ni ó ń pani.

Ojú irin kò fìgbà kan gba Kábà. Nítorí náà mo mú ọmọ mi gba Ọkẹ́nẹ́ lọ sí Ìtakpẹ́, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ojú irin ibẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 nítorí òkúta irin tí a fẹ́ máa kó lọ sí Àjàòkúta, 2020 ni wọ́n sì tó ṣí i fún èrò títí dé Warri. Ọmọ náà wo ojú irin láti ibi tí a dúró, ó ní, "Bàbá, èyí fẹ̀ ju tiwa lọ." Òótọ́ ni. Mìlímítà 1435 ni ti Ìtakpẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò kọjá ibẹ̀ tí kò ní ṣàkíyèsí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ lè mú àwọn ọmọ yín lọ wo Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé 1898 tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì kó àwòrán ìgbà àtijọ́ rélùwéè sí.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn. Èrò kún bí omi. Ọ̀fà wà níbẹ̀, Ìlọrin wà níbẹ̀, a sì rí afárá Jẹ́bà lórí Odò Ọya. Bàbá Rélùwéè ṣàlàyé pé kí wọ́n tó parí afárá yìí ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ rélùwéè sọdá. Ìyá àgbà kan tí ó ti wọkọ̀ ní Ọ̀fà nígbà ọmọge tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta oúnjẹ lójú fèrèsé dà?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ti fi amọ̀ mọ obìnrin mẹ́ta oní-sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n gbé igbá lé wọn lórí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Bàbá bọ́ òrùka irin kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní lórí ojú irin kan ṣoṣo, awakọ̀ tí kò bá gba àmì lọ́wọ́ téṣàn kò gbọdọ̀ wọ ọ̀nà, nítorí àmì kan ṣoṣo ni ó wà, ọkọ̀ méjì kò sì lè forí sọra. Ẹni tí òrùka bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò wà á dé Jẹ́bà. Tí ó bá dé, yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ìjà parí. Ọmọ méje ń dúró de ara wọn láìsí pàṣán.

Ìgbà tí ó kan ọmọ mi, ó wà á dé Jẹ́bà. Ó dìde, ó gba àárín èrò kọjá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì na òrùka náà sí mi. Ó ní, "Bàbá, ó kàn yín."

Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sórí ilẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá bá ọmọ nídìí agolo àti páálí, bí ó tilẹ̀ pa iṣẹ́ jẹ, ẹ bá a wí bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ó ń ṣe, kí ẹ sì bi í pé, "Kí ni èyí, báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́?" Ẹsẹ̀ yín lè dúró ná.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.