Èdè Ni Ẹ̀rí Àkọ́kọ́: Òtítọ́ Ìtàn Nínú Fíìmù Ogun àti Kérésìmesì

Iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù ìtàn ni kíka bọ́tìnnì aṣọ ológun. Wọ́n á yẹ ìbọn wò, wọ́n á yẹ bàtà wò. Bí wọ́n bá ti parí èyí, wọ́n á ní fíìmù náà bá ìtàn mu, láì tíì béèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú: èdè wo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sọ? Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn onímọ̀ èdè sì pín nínú ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé wọ́n dákẹ́.

Ẹ wo Joyeux Noël, fíìmù tí Christian Carion ṣe ní 2005 lórí bí àwọn ọmọ ogun ṣe dáwọ́ ìjà dúró ní Kérésìmesì 1914. Pé wọ́n jáde kúrò nínú yàrà, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì sin òkú wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àròsọ ni obìnrin olórin tí fíìmù náà mú wọ inú yàrà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni ìdáwọ́dúró náà ti pọ̀ jù; fíìmù yìí kó Faransé, Scotland àti Jámánì jọ sí ojú kan kí ìtàn lè dùn.

Síbẹ̀, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ fíìmù ogun kì í ṣe. Ó jẹ́ kí oníkálukú sọ èdè tirẹ̀, Látìnì tí àlùfáà fi ṣe Máàsì lóru sì ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá wo ìran yẹn yóò mọ ìdí tí orin àti àdúrà fi ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí Yúróòpù parí sí ni etí fíìmù náà ti di. Àwọn ọmọ ogun Garhwal láti Íńdíà wà lára àwọn tí ó bá Jámánì pàdé láàrin yàrà ní Kérésìmesì yẹn. Àwọn ọmọ Áfíríkà sì ti jà fún Faransé ní Dixmude, ní Bẹ́ljíọ̀mù, nínú oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ohùn wọn kò jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Abidjan gbọ̀ngbọ̀n. Jean-Jacques Annaud, ọmọ Faransé, ya La Victoire en chantant (1976) ní Côte d'Ivoire, orúkọ orílẹ̀-èdè náà ni ó sì fi gba Oscar ní 1977. Ìtàn àwọn òyìnbó Faransé ni, tí ìròyìn ogun pẹ́ kí ó tó dé etí wọn, tí wọ́n wá gbógun ti àwọn Jámánì aládùúgbò wọn ní agbègbè Kamẹrúùn. Ẹni tí ń ṣírò ọjọ́ lè sọ pé àsọdùn ni, nítorí pé Douala ti bọ́ láti ìparí oṣù Kẹsàn-án 1914. Ṣùgbọ́n ibi tí fíìmù náà ti sọ òtítọ́ jù ni ibi tí àwọn aláàárù ti ń fi orin bú àwọn òyìnbó tí wọ́n rù, ní èdè tí àwọn òyìnbó náà kò gbọ́. Inú orin yẹn ni ìtàn wà. Ǹjẹ́ àwọn tí ń ka bọ́tìnnì béèrè pé èdè ta ni?

Àwọn kan yóò ní èdè púpọ̀ a máa lé òǹwòran sá. Irọ́ ni. Ní 2006, Joyeux Noël wà lára àwọn fíìmù tí ó du Oscar. Tsotsi láti South Africa ni ó borí rẹ̀, èyí tí èdè ìgboro, Zulu àti Xhosa kún inú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní Faransé fífọ́ ni ọmọ ogun adúláwọ̀ ń sọ, pé bẹ́ẹ̀ ni kí fíìmù fi í hàn. Kí wọ́n rántí ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Paris ní 1916, Le français tel que le parlent nos tirailleurs sénégalais. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí wọn yóò ṣe gé Faransé kúrú fún àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí. Ẹni tí ó gé èdè kò jẹ̀bi lójú ayé. Ẹni tí wọ́n fi gígé kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Abidjan náà ní Kérésìmesì ológun tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1999, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Henri Konan Bédié, Ọ̀gágun Robert Guéï sì gorí àga. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ya fíìmù ọjọ́ yẹn, Faransé ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò lè rù ú. Jula ńkọ́? Baoulé, Bété àti Dan ńkọ́? Nouchi àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ńkọ́? Àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Treichville àti Adjamé, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Èjìgbò wá, èdè wo ni wọ́n fi pe àwọn ọmọ wọn wọlé?

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ èdè má ṣe dúró de ìgbà tí fíìmù bá jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n béèrè pé kí onímọ̀ èdè jókòó ti òǹkọ̀wé fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀, bí aránṣọ ti ń jókòó tì í. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Àwọn tí ó jà lè gbàgbé kí àlàáfíà lè wà. Fíìmù tí ó pe ara rẹ̀ ní ìtàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.