Fásitì Ń Gbòòrò, Oko Ń Tán: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Tanke ní Ìlọrin

Ẹni tó bá mọ Tanke ní Ìlọrin ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tó sì padà síbẹ̀ lónìí, yóò béèrè ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń ro oko àgbàdo àti gbágùúdá ti di ṣọ́ọ̀bù, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Fásitì ló fà á. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ta ló jèrè, ta ló sì pàdánù?

Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wọlé ní 1976, wọn kò ju igba lọ. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá tó wà lẹ́yìn Tanke. Ilẹ̀ fásitì náà tó 15,000 hẹ́kítà. Ìyẹn tó ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 15, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà 10.

Pẹ̀lú ilẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí, èèyàn lè rò pé fásitì kò ní nǹkan í fi ilẹ̀ ìta ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ibùgbé inú ọgbà kò gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, púpọ̀ nínú wọn ló ń sùn ní Tanke àti Òkè-Odò. Ilẹ̀ ìta ọgbà ló ń ru ẹrù náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń jẹ oko.

Òfin wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko fún ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, irè oko àti ilé tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Iye tí ilẹ̀ náà ìbá tà lọ́jà kò sí nínú ìṣirò. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ti gbọ́ pé fásitì ń bọ̀, kíákíá ni wọ́n ń tà kí ìjọba tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Mùsùlùmí gan-an nìyí. Ta ló ń tà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, mógàjí àti ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta ni. Àwọn obìnrin ilé kì í mọ̀ títí katakata yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún lábẹ́ Ṣẹ̀ríà, àmánà sì ni dúkìá ọmọ òrukàn. Kò sí ìdàgbàsókè tó lè sọ jíjẹ ìpín wọn di hàláàlì.

Ewu mìíràn tún wà. Nígbà tí ASUU yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé, ọjà àwọn tó ń tajà fún wọn sì dá. Gbágùúdá kì í yanṣẹ́ lódì. Àdúgbò tó bá ti fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ gbé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

A kò sọ pé kí fásitì má gbòòrò o. Ìmọ̀ ni a fẹ́, ọmọ wa ló sì ń kàwé níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí fásitì kọ́ ilé ibùgbé sí i lórí ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìjọba ya ojú ọ̀nà, gọ́tà, ilẹ̀ oko, ilẹ̀ yídì àti ìtẹ́ òkú sọ́tọ̀ kí ilé tó kún. Kí ìdílé máa fi ilẹ̀ háyà fún ọdún díẹ̀ dípò kí wọ́n tà á pátápátá, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín sínú ìwé.

Ní Malete, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, oko ṣì wà lápá ọ̀tún àti òsì. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì láǹfààní tí àwọn ará Tanke kò ní mọ́: wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tà.