Ta Ló Ń Gba Ìjọba Nímọ̀ràn Lórí Drone?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ládùúgbò wa ní Ijoko tó ń tún fóònù ṣe. Ó ra mọ́tò kékeré mẹ́rin, bátìrì àti pátákó ìdarí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó to gbogbo ẹ̀ mọ́ páìpù, ó di drone. Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan yẹn fò! Ìṣẹ́jú méjì péré ló lò lókè lẹ́yìn ilé wọn, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wéré, torí ìyá ẹ̀ ti ń pariwo pé kí ọlọ́pàá má wá kó àwọn lọ. Látọjọ́ náà, inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni drone ọ̀hún wà.

Ẹ má fi ìyá yẹn rẹ́rìn-ín o. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò drone láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn àti lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ò jìnnà sí wa, drone tó bá sì kó sí ẹ́ńjìnnì bààlú lè pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Borno, ní December 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí fi drone ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù lu àwọn ọmọ ogun. Kò pẹ́ sígbà náà, ní January 2025, ni àwọn ológun fòfin de fífò drone láìgbàṣẹ ní àríwá ìlà-oòrùn. Ewu ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ààbò ni kó máa ṣọ́ ewu. Iṣẹ́ NCAA ni kí bààlú má jábọ́. Ta wá ni iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, "Kí la lè fi nǹkan yìí ṣe fún ara wa?" Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n là ń fi ṣọgbọ́n, ìmọ̀ ẹnìkan ò jọ bọ̀rọ̀.

Àwọn kan ti béèrè ṣáájú wa. Ìgbìmọ̀ APET, tó ń gba Ìṣọ̀kan Áfíríkà nímọ̀ràn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun, gbé ìròyìn jáde ní 2018 lórí bí drone ṣe lè wúlò fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FAA dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí drone sílẹ̀ ní 2016. Amazon wà níbẹ̀, DJI tó ń ṣe drone wà níbẹ̀, olórí ìlú San Francisco náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bú wọn pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọn nǹkan kan, àti pé ohùn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pọ̀ jù. Ẹ̀kọ́ nìyẹn jẹ́ fún wa: kí ìgbìmọ̀ wà nìkan ò tó. Ta ló wà nínú ẹ̀? Ṣé aráàlú ń rí ohun tí wọ́n ń sọ?

Ẹ wo ọ̀nà Sango sí Ijoko nígbà òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Drone lè ya fọ́tò ibẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí etí ọ̀kan máa gorí èkejì. Kọ̀ǹpútà á wo ibì kan náà láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ojú wa méjèèjì ṣe jọ ń mọ ohun tó sún mọ́ wa, á wá ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ibi tí àgbàrá máa gbà á hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò ṣe jọ ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí omíyalé ń dà láàmú ní Dar es Salaam, nílẹ̀ Tanzania, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ramani Huria.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́. Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ tó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí drone ní àgbẹ̀, awọnlẹ̀, olùwádìí yunifásítì àti àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe é. Covenant àti Bells wà ní Ọ̀tà níbí. Wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá onímọ̀ kiri. Èkejì, kí wọ́n máa gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn síta. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya pápá kan sọ́tọ̀ tí ọ̀dọ́ ti lè dán drone wò lábẹ́ àbójútó. Màláwì ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú UNICEF ní Kasungu ní 2017.

Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbèrò lórí drone, ta ló máa sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí tiẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?